Ọṣẹ ìfọyín fún eyín tó máa ń kan, tó sì tètè ń jẹrà: kí la ó wò kí a tó rà?

Àbẹ̀ní Ọjà Wàǹdó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ẹni tí omi tútù ń kan eyín rẹ̀, tí kò lè mu àdòyò oníyìnyín, tí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ sì tètè ń lu ihò, ọṣẹ ìfọyín wo ló yẹ ẹ́? Ohun tó jẹ́ kí n béèrè ni pé orí àtẹ ti kún jù. Èyí tó ti Faransé wá ń bẹ, èyí tó gba ẹnubodè Ìgòlò wọlé láti Nàìjíríà ń bẹ, owó wọn kò jọra, gbogbo wọn ló sì ń pariwo lójú páálí pé àwọn ń dáàbò bo eyín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Apòògùn Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjà, Àbẹ̀ní. Ẹ yí páálí náà sẹ́yìn. Ọlọ́jà ló ni iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: fluor. Ohun kan náà ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní fúlóráìdì. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n kọ "sans fluor" (kò ní fluor), ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ó lè mú kí ẹnu máa ta sánsán, ṣùgbọ́n kò ní dí ihò lọ́nà.

Lẹ́yìn orúkọ, ó kan iye. Báyìí ni wọ́n sábà ń kọ ọ́: "1450 ppm F". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú gíráàmù ọṣẹ kan, mílígíráàmù 1,45 ni fluor. Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ tètè ń jẹrà kò gbọdọ̀ lo èyí tó kéré sí 1350. 1450 ló wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti Yúróòpù wá, torí 1500 ni òfin wọn fi ààlà sí fún ọṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè rà láìgba ìwé dókítà. Túùbù 500 tí wọ́n ya ẹranko sí lára, ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má tìtorí pé ó dùn lẹ́nu rà á.

Àwọn kan kì í kọ ppm. Ìdá ọgọ́rùn-ún irú èròjà fluor tí wọ́n lò ni wọ́n ń kọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣírò inú fóònù yín jáde. Bí ó bá jẹ́ fluorure de sodium, tí túùbù Nàìjíríà ń pè ní sodium fluoride, ẹ fi 4525 sọ ìdá yẹn di púpọ̀: 0,32% á fún yín ní nǹkan bí 1450, 0,22% kò ju 1000 lọ. Bí ó bá jẹ́ monofluorophosphate de sodium, 1320 ni ẹ ó fi sọ ọ́ di púpọ̀: 0,76% jẹ́ 1000, 1,1% jẹ́ 1450. Fluorure d'étain, tàbí stannous fluoride, 2425 ni tirẹ̀: 0,454% tí ẹ máa ń rí jẹ́ 1100.

Ẹ rí i pé a kò lè kàn fi ìdá ọgọ́rùn-ún wé ara wọn. 1,1% monofluorophosphate jẹ́ ọṣẹ lásán tí gbogbo ilé lè lò. 1,1% fluorure de sodium súnmọ́ 5000 ppm, oògùn nìyẹn. Nọ́ńbà kan náà, ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà nínú wọn. Bákan náà, túùbù Faransé a máa fi kọ́mà sáàárín nọ́ńbà níbi tí ti Nàìjíríà ti ń fi ààmì kékeré (.) sí i, kò yí nǹkan padà.

Ọ̀kan tó kù lápá ti fluor: ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń ha ìdọ̀tí nínú ọṣẹ náà. Bí ó bá jẹ́ carbonate de calcium, monofluorophosphate ló gbọ́dọ̀ bá a rìn. Fluorure de sodium àti carbonate de calcium kì í gbé pọ̀ dáadáa, torí calcium á gbá fluor mú mọ́ra nínú túùbù, kò ní tú u sílẹ̀ fún eyín. Níbi tí ẹ bá ti rí fluorure de sodium, silice hydratée, tàbí hydrated silica, ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Eyín Kétu

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Apòògùn. Ẹ jẹ́ kí n gbé apá ti eyín kíkan.

Lábẹ́ èèpo líle tó bo eyín, ara eyín kún fún ihò tóóró tóóró tí ojú lásán kò lè rí. Omi wà nínú wọn, wọ́n sì já sídìí iṣan. Bí èèpo bá bò wọ́n lókè, tí erìgì sì bo gbòǹgbò, òtútù kì í rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n bí erìgì bá ti sún kúrò, tàbí tí búrọ́ọ̀ṣì líle bá ti jẹ ìdí eyín, ihò wọ̀nyẹn á ṣí sílẹ̀. Omi tútù kàn wọ́n, omi inú wọn mì, iṣan gbọ́, ó sì ta bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún èèyàn. Ẹ lè yẹ tiyín wò: ẹ rọra fi èékánná fa ara eyín ṣóńṣó láti òkè wá sí ìdí rẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ sí kòtò kékeré kan kó tó dé erìgì, búrọ́ọ̀ṣì ló sábà máa ń gbẹ́ irú kòtò yẹn.

Ọ̀nà méjì ni ọṣẹ fi ń bá a jà. Ọ̀kan ń pa iṣan lẹ́nu mọ́: nitrate de potassium ni, 5% ló sì yẹ kó wà níbẹ̀. Èkejì ń dí ẹnu ihò tóóró wọ̀nyẹn: fluorure d'étain ń ṣe é, arginine 8% ń ṣe é, àwọn èròjà strontium náà ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni phosphosilicate de calcium et de sodium. Ẹ kò nílò gbogbo wọn. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ rí i pé fluor rẹ̀ pé, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí. Wọ́n á ra èyí tí wọ́n kọ "dents sensibles" (eyín tó ń kan) sí lára, òtútù á dẹ̀rọ̀, wọn kò sì ní mọ̀ pé kò sí fluor nínú rẹ̀. Àwọn àgbékalẹ̀ kan tó ní chlorure de strontium wà bẹ́ẹ̀. Eyín kò ní kan mọ́, ṣùgbọ́n ihò á máa gbilẹ̀ nìṣó.

Nitrate de potassium kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin fún un, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láìfo ọjọ́ kankan. Ẹni tó lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin tó sì ní "irọ́ ni" kò tíì lò ó. Bí ẹ bá sì pa á tì, òtútù á tún padà, torí iṣan ló mú sùn, kò tún ìdí eyín mọ.

Fún eyín kan tó le ju gbogbo ìyókù lọ: lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọyín alẹ́ tán, ẹ mú ọṣẹ díẹ̀ bí orí ìṣáná sórí ìka tó mọ́, kí ẹ fi pa ìdí eyín náà fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tu èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ sì lọ sùn.

Apòògùn Àjàṣẹ́

Ìyá wa ti sọ ọ́ tán. Kí n fi kún un pé fluorure d'étain lè fi àbàwọ́n díẹ̀ sí ojú eyín, ó sì ní adùn irin lẹ́nu. Kò léwu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mu kọfí púpọ̀ tàbí tó ń jẹ obì á tètè rí àbàwọ́n yẹn.

Bàbá Olórín

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú làálàá. Ṣé orín ata tí àwọn baba wa fi ń rìn kò tó mọ́ ni? Ìgbà wo ni ppm débí?

Nọ́ọ̀sì Eyín Kétu

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ẹnikẹ́ni kò gba orín lọ́wọ́ yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti sọ pé ó wúlò níbi tí àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n lò. Ohun tí orín ń ṣe dáadáa ni pé ó ń ha ìdọ̀tí kúrò lójú eyín. Ohun tí kò lè ṣe ni kó fi fluor tó pọ̀ tó sórí eyín. Orín ata tún ní tirẹ̀: ó ń mú ẹnu kú díẹ̀, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń ta ahọ́n. Ẹni tí eyín ń dùn á rò pé ó ti san, bẹ́ẹ̀ ẹnu ló kú.

Bí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n pọ̀, ẹ fi orín ṣe ti àárọ̀. Ẹ jẹ ẹnu rẹ̀ títí á fi rọ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Èyí tó bá ṣì ní igi líle lórí, erìgì ló máa gún. Láti ìdí erìgì wá sí orí eyín ni kí ẹ máa fà á, ẹ má rìn ín ní ìbú bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Alẹ́ ni kí ẹ wá fún búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ 1450. Bí ẹ kò bá fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì rárá, ẹ fi ọṣẹ náà sẹ́nu orín tó ti rọ̀, ó sàn ju kí ọṣẹ má dé ẹnu lọ.

Bàbá Olórín

Èyí dáa. Ó bọ́gbọ́n mu.

Ẹlẹ́kọ Àdòyò

Kí ló dé tí gbogbo yín ń tẹnu mọ́ alẹ́?

Apòògùn Àjàṣẹ́

Torí itọ́ ni. Akokoro tí a ní ó ń jẹ eyín kì í ṣe ìdin. Kòkòrò àìfojúrí ni, ṣúgà ló ń jẹ, oje kíkan ló sì ń yà jáde. Oje kíkan yẹn ló ń yọ́ èèpo eyín. Itọ́ ló ń pa oje náà, tó sì ń dá ohun tó yọ́ padà sára eyín. Bí fluor bá wà lójú eyín nígbà náà, èyí tó padà á le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lóru, itọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Èyí tó bá sùn pẹ̀lú ṣúgà lẹ́nu, òun ló ń bọ́ kòkòrò títí di àárọ̀.

Níwọ̀n bí ẹ ti ń ta àdòyò, ẹ jẹ́ kí n fi ti oúnjẹ há a: iye ìgbà tí ṣúgà dé ẹnu ló ń pa eyín ju bí ó ti pọ̀ tó lọ. Ife àdòyò kan tí a mu tán lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ sàn ju èyí tí a ń fi ẹnu kàn díẹ̀díẹ̀ láti aago méjì títí di aago márùn-ún. Gàrí oníṣúgà náà bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́kọ Àdòyò

Ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ o! Ẹ ṣeun.

Dókítà Eléyín

Ẹ kú ìjíròrò. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ríra ló tọ́, àmọ́ mo ń retí kí ẹnìkan sọ bí a ṣe ń lò ó. Ẹni tó ra ọṣẹ olówó ńlá tó sì gbé ife omi mẹ́ta sẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀ ti da fluor náà sínú gọ́tà.

Ẹ fọyín fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tu ìfófò. Ẹ tún tu. Ẹ má fi omi ṣan ẹnu. Bí ẹnu bá ń yọ yín lẹ́nu jù, ẹ fi omi tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ yí i ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ tu ú. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ, ẹ má mu fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ní alẹ́, ó parí títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì, "souple" (rírọ̀) ni kó jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta "dure" (líle) fún yín pé òun ló ń fọ̀ mọ́. Ìdí eyín ló ń jẹ, ìyẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ fi èékánná wò. Ẹ mú un bí bírò, kì í ṣe bí ọwọ́ àdá. Bí irun rẹ̀ bá ti tẹ̀ síta kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọwọ́ yín ló wúwo.

Àbẹ̀ní Ọjà Wàǹdó

Dókítà, ẹ má bínú o. Kí a má fi omi ṣan ẹnu? Ṣé ọṣẹ tí a fi fọ nǹkan la ó fi sílẹ̀ sára rẹ̀? Ta ló ń fọ abọ́ tí kì í fi omi ṣàn án?

Dókítà Eléyín

Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, ó sì yé mi. Àbẹ̀ní, ẹ má fi wé ọṣẹ abọ́, ẹ fi wé òrí tí a fi pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ló ń fọ ìdọ̀tí, ọṣẹ ló ń gbé fluor wá. Ẹni tó para tán kì í tún wọ omi. Díẹ̀ tó kù lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ ti tu itọ́ kò tó ohun tó lè pa àgbà lára.

Ìtọ́kasí kan sí i fún eyín tó ń kan: ẹ má fọyín kété tí ẹ mu ọsàn wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ òyìnbó, tàbí ohun mímu onígáàsì. Oje kíkan ti sọ ojú eyín di rírọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á wá gbá a lọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí ẹ dúró. Aláboyún tó ń bì ní àárọ̀, kó da ṣíbí kékeré bicarbonate kan sínú ife omi kan, kó fi ṣan ẹnu, kó tó fọyín lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra eyín kó lè funfun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Ọmọge Àjàṣẹ́

Èédú ńkọ́? Wọ́n ń tà á báyìí nínú túùbù dúdú, wọ́n ní ó ń mú eyín funfun.

Dókítà Eléyín

Èédú, eérú, iyọ̀ líle, gbogbo wọn ń ha eyín. Èyí tí ń kan kò lè fara dà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọṣẹ èédú kò sì ní fluor. Kódà ọṣẹ "blancheur" (ti eyín funfun) lásán máa ń ha ju "dents sensibles" lọ, nítorí náà ẹ yàn án kẹ́yìn. Òṣùwọ̀n bí ọṣẹ ṣe ń ha ni RDA. Ìlànà àgbáyé ISO 11609 kò gbà kó kọjá 250, ṣùgbọ́n fún eyín tó ń kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ 70 ló tù ú lára. Wọn kì í sábà kọ ọ́ sára páálí. Ibi tí wọ́n bá ti kọ "dents sensibles" ni ẹ ti lè retí pé ó kéré.

Ọmọge Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun. Wọ́n tún ní àwọ̀ tó wà nídìí túùbù ni ká máa wò, pé aláwọ̀ ewé jẹ́ ti ewé, dúdú jẹ́ kẹ́míkà.

Apòògùn Àjàṣẹ́

Kò sóhun tó jọ ọ́. Ojú ẹ̀rọ tó ń gé túùbù ni ààmì yẹn wà fún, kó lè mọ ibi tó máa gé àti ibi tó máa lẹ̀ pọ̀. Àwọ̀ yòówù kó jẹ́, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti ọmọdé ńkọ́? Àwọn kan ní kí ọmọ má fẹnu kan fluor rárá. Àti pé níhìn-ín, eyín àwọn ọmọ kan ní àbàwọ́n funfun, ti àwọn mìíràn dúdú bí ilẹ̀, wọ́n ní omi ni.

Dókítà Eléyín

Láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ti hù: ọṣẹ 1000 ppm, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ìyá tàbí bàbá ni kó fọ̀ ọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta dé mẹ́fà: ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré kan, kí ọmọ sì kọ́ láti tu ú. Láti ọdún mẹ́fà sókè, 1450 bíi ti àgbà, ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa wò ó títí á fi pé ọdún méje tàbí mẹ́jọ, torí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dé eyín ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ túùbù. Ìrẹsì kan ni ẹ ní kó fi sí i, bàǹtù-banta ló máa tẹ̀ sí i.

Kí túùbù náà má sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Fún ọmọ tó wọn kílò mẹ́wàá, bí ìdá kan nínú mẹ́ta túùbù 75 ml, tó jẹ́ 1450, bá wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé ibi tó léwu. Ẹ fún un ní wàrà mu, torí calcium inú rẹ̀ á gbá fluor mú, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ìka ru ú lọ́fun kó lè bì.

Olómi Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ omi yẹn, ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn òkúta akọ tí àgbègbè Collines, níbi tí Ṣábẹ̀ẹ́ wà, jókòó lé ń tu fluor sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ti rí i nínú foráàjì (kànga ẹlẹ́rọ) láwọn ibì kan ní agbègbè náà, tó ju 1,5 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òpin. Àbàwọ́n yẹn ni wọ́n ń pè ní fluorose. Kì í ṣe gbogbo foráàjì ló ní i. Méjì lè wà nítòsí ara wọn, kí ọ̀kan ga, kí èkejì má ga. Ẹ kò lè fi ojú tàbí ahọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó foráàjì àdúgbò yín bóyá wọ́n ti gbé omi rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí ẹ sì béèrè nọ́ńbà fluor níbẹ̀.

Síse omi kì í yọ fluor. Ńṣe ló tún ń le sí i, torí omi ń gbẹ, fluor ń kù. Omi òjò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní fluor rárá, ẹni tó bá ń gbà á láti orí páànù tó mọ́ lè fi po ti ọmọ.

Dókítà Eléyín

Ẹ kú ìtọ́sọ́nà, Olómi. Ìyá Ìbejì, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: fluorose ń mú eyín tí ó ṣì ń dàgbà nínú egungun, ìyẹn títí ọmọ á fi pé nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Eyín tó ti hù tán, ọṣẹ kò lè sọ ọ́ di alábàwọ́n. Nítorí náà, níbi tí omi bá ti ga, omi mímu ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ọṣẹ ìwọ̀n ìrẹsì ni kó máa bá a lọ, kí ẹ rí i pé ó ń tu ú. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ tún fún un ní oògùn fluor oníkóró tàbí ẹlẹ́kán láìtíì mọ iye tó wà nínú omi. Eyín alábàwọ́n náà lè jẹrà, ẹ má rò pé ó ti le tán.

Àbẹ̀ní Ọjà Wàǹdó

Ẹ̀gbọ́n Apòògùn dárúkọ 5000 lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kí ẹni tí eyín rẹ̀ burú gan-an má kàn bọ́ sórí ìyẹn?

Apòògùn Àjàṣẹ́

Rárá, ẹ má fi ara yín síbẹ̀. Dókítà ló ń kọ ọ́, fún ẹni tí ihò rẹ̀ pọ̀ tí kò sì dẹ́kun, tí gbòǹgbò eyín rẹ̀ ń jẹrà, tàbí tí ẹnu rẹ̀ gbẹ nítorí oògùn tó ń lò. Kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Báyìí ni wọ́n ń lò ó: ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì lórí búrọ́ọ̀ṣì, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ tu ú. Ní Faransé, èyí tó jẹ́ 2500 náà wà lórí pẹpẹ oògùn, kì í ṣe lórí ti ọṣẹ. Fàmásì ni kí ẹ ti rà á. Èyí tí ẹ bá rí lórí àtẹ ẹ̀bá títì, ẹ kò mọ oòrùn ọdún wo ló ti pa á.

Oòrùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré pàápàá fún ọṣẹ lásán. Ooru a máa tú monofluorophosphate ká, bí calcium bá sì wà nínú rẹ̀, èyí tó tú ká á há mọ́ ọn lára. Páálí á ṣì máa pè é ní 1450, ṣùgbọ́n ohun tó lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ti dín. Nítorí náà, ẹ rà á níbi tó wà lábẹ́ ibòji, kí ẹ wo EXP (ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ máa pé), kí ẹ fọwọ́ tẹ ìdí túùbù. Bí omi bá yọ ṣáájú ọṣẹ, ó ti pẹ́ tàbí ooru ti ṣe é. Bí lẹ́tà orúkọ ilé iṣẹ́ bá ń pa mọ́ ìka yín lọ́wọ́, tàbí tí nọ́ńbà ìdìpọ̀ ara páálí kò bá bá ti ìdí túùbù mu, ayédèrú ni.

Nọ́ọ̀sì Eyín Kétu

Àfikún kan: ẹni tó máa ń ní egbò funfun nínú ẹnu lemọ́lemọ́, kó wá èyí tí kò ní sodium lauryl sulfate. Òun ló ń mú ọṣẹ hó, òun náà ló ń bí egbò nínú fún àwọn kan. Bí ọṣẹ kò bá hó, kò túmọ̀ sí pé kò ń ṣiṣẹ́.

Ẹlẹ́kọ Àdòyò

Omi ìfọnu ńkọ́, tí wọ́n ń tà nínú ìgò?

Nọ́ọ̀sì Eyín Kétu

Èyí tó ní fluor 225 ppm lè ṣe ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó kété lẹ́yìn ọṣẹ, torí 225 ni ẹ ó fi fọ 1450 kúrò. Ẹ fi í sí ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ. Èyí tó ní chlorhexidine yàtọ̀: oògùn erìgì ni, ó ń pa àwọ̀ eyín dà bí ó bá pẹ́, ọṣẹ sì ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sáàárín wọn.

Dókítà Eléyín

Kí ẹ tó ná owó kankan sórí "dents sensibles", ẹ wo irú ìrora tó jẹ́. Eyín kíkan máa ń ta, ó sì máa ń lọ kété tí òtútù bá kúrò. Bí ó bá ń dún fún ìṣẹ́jú púpọ̀ lẹ́yìn omi gbígbóná, tí ó ń jí yín lóru, tí eyín kan ń dùn nígbà tí ẹ bá fi jẹ ẹran, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, kò sí ọṣẹ tó lè tún un ṣe. Ihò ti dé inú tàbí eyín ti là. Ọṣẹ olówó á kàn sún ọjọ́ síwájú, ibi tí dókítà ìbá ti dí ihò, á wá di yíyọ eyín.

Àbẹ̀ní Ọjà Wàǹdó

Ó ti yé mi dáadáa. Ọlọ́run á sanwó yín. Ìbéèrè ìkẹyìn, ti owó ni: báwo ni túùbù 75 ml kan ṣe yẹ kó pẹ́ tó lọ́wọ́ ẹnìkan?

Apòògùn Àjàṣẹ́

75 ml wọn nǹkan bí 100 gíráàmù. Àgbà kan ń lo bí gíráàmù kan lẹ́ẹ̀kan, méjì lóòjọ́. Ó ń lọ sí 50 ọjọ́. Bí tiyín bá ṣì kún ìdajì lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ń fo alẹ́.